Ìtọ́jú abẹ ìfárùngbọ̀n: ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá ra abẹ ìfárùngbọ̀n fún ìgbà àkọ́kọ́ ló máa ń rò pé ibi tí iṣẹ́ wà ni bí òun yóò ṣe fá irùngbọ̀n láì gé ara òun. Iṣẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fara balẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ yóò mọ̀ ọ́n láàárín oṣù kan tàbí méjì. Ohun tó ń lé ọ̀pọ̀ padà sídìí bíléèdì ni pé abẹ tó mú bí iná lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ lò ó yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fa irun tu kí ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó kọjá, wọn kò sì ní mọ ohun tí wọ́n fi ṣe é. Ohun tí ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń lo abẹ kọ́ mi ni pé ìṣẹ́jú mélòó kan tó tẹ̀ lé fífá ló ń ba abẹ jẹ́ ju fífá fúnra rẹ̀ lọ: omi tí a kò nù kúrò, ibi tí a gbé e sí, àti ìkánjú tí a fi wọ́ ọ lórí awọ, ìyẹn awọ gbọọrọ tí a fi ń tún ojú abẹ tò, nígbà tí a tún fẹ́ lò ó. Nítorí náà ni n ó ṣe pẹ́ lórí nínù àti wíwọ́ ju bí n ó ṣe pẹ́ lórí òkúta ìpọ́nbẹ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkúta ni gbogbo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń fẹ́ gbọ́ nípa rẹ̀.

Abẹ tí mò ń sọ kì í ṣe bíléèdì pẹlẹbẹ tí a ń pè ní abẹ lọ́jà, tí a ń lò tí a sì ń sọ nù. Abẹ gígùn tó ń ká sínú èkù rẹ̀ ni, irú èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn onígbàjámọ̀ ní ayé àtijọ́. Lọ́dún 1904 ni King Camp Gillette gba ìwé ẹ̀tọ́ ní Amẹ́ríkà lórí abẹ oníbíléèdì tí a ń pààrọ̀, láti ìgbà náà ni abẹ gígùn sì ti ń kúrò nílé ọ̀pọ̀ ènìyàn díẹ̀díẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n ṣì ń rọ ọ́ ní Solingen ní Jámánì àti ní Thiers ní Faransé, àwọn tó sì ti Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá ní èyí tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ṣì ń fá irùngbọ̀n títí di òní, bí ẹni tó ni wọ́n bá mọ ìtọ́jú.

Àwọn ẹ̀yà ara abẹ

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ orúkọ tí n ó máa lò. Ojú abẹ ni ibi mímú tó ń gé irun. Ẹ̀yìn abẹ ni apá tó nípọn, ní òdìkejì ojú. Orí abẹ ni ìpẹ̀kun tó jìnnà sí ọwọ́, ìdí abẹ sì ni ibi tí ojú ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá ọwọ́. Ọrùn ni ibi tí ìka ti ń dì í mú, ìrù sì ni irin kékeré tó yọ síta lẹ́yìn. Èkù ni ilé tí abẹ ń ká sí. Ìwo ẹran, igi tàbí ike ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é. Ìṣó kékeré kan ló so èkù àti abẹ pọ̀. Ẹ fi ìṣó yìí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni omi máa ń sá pamọ́ sí.

Ẹ̀yìn abẹ kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí a bá tẹ́ abẹ sórí òkúta pẹrẹsẹ, ẹ̀yìn àti ojú yóò jọ kan òkúta náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹ̀yìn náà bá sì ṣe nípọn sí ìbú abẹ ló ń pinnu igun tí ojú yóò ní, èyí tó sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi dígíríì 16 sí 18. Ẹni tó rọ abẹ náà ti wọn igun yìí sínú irin kó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé dúró lórí èyí: ìbáà ṣe lórí awọ, ìbáà ṣe lórí òkúta, ẹ̀yìn abẹ kò gbọdọ̀ gbéra kúrò nílẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ojú rẹ̀ bá ṣì wà nílẹ̀.

Ríra abẹ àkọ́kọ́

Ìdá mẹ́jọ ínṣì ni wọ́n fi ń wọn ìbú abẹ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kó ra 5/8 tàbí 6/8, èyí tó tó nǹkan bíi mìlímítà 16 tàbí 19, kó sì jẹ́ èyí tí orí rẹ̀ rí róbótó, nítorí orí tó ṣe ṣóńṣó a máa gé ènìyàn létí kí ó tó mọ̀. Abẹ tí irin rẹ̀ jẹ́ oníkábọ́ọ̀nù rọrùn láti pọ́n, ṣùgbọ́n ó tètè ń dípẹtà. Èyí tó jẹ́ sítéénlẹ́ẹ̀sì fara da omi díẹ̀ sí i, àmọ́ ó pẹ́ lórí òkúta. Ẹni tó ń gbé ní Èkó tàbí ìlú mìíràn tó súnmọ́ òkun, tí ó sì mọ ara rẹ̀ pé òun máa ń gbàgbé nǹkan, kó ra sítéénlẹ́ẹ̀sì.

Bí ẹ bá fẹ́ ra àlòkù, ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí ìlà fífọ́ lójú rẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ, ẹ dá a padà, kò ní àtúnṣe. Bí ìpẹtà bá ti jẹ ojú rẹ̀ ní kòtòkòtò, ẹ dá a padà pẹ̀lú. Ìpẹtà tó wà lẹ́yìn tàbí lọ́rùn kò burú tó bẹ́ẹ̀. Kí ẹ sì sá fún àwọn abẹ olówó pọ́ọ́kú tó ń dán yanran lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí iye wọn kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán: wọ́n rí bí abẹ, ṣùgbọ́n irin inú wọn kò lè di ojú mímú mú.

Ohun kan tún wà tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ abẹ tuntun kì í mú tó láti fá irùngbọ̀n nígbà tó bá ti ilé iṣẹ́ jáde. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ pọ́n ọn kí ó tó dé ọwọ́ yín. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á bóyá wọ́n ti pọ́n ọn tán fún fífá, bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, ẹ san owó fún ẹni tó mọ iṣẹ́ náà láti pọ́n ọn fún ìgbà àkọ́kọ́. Owó yìí kò ṣòfò, nítorí ẹni tí kò tíì fi ara rẹ̀ mọ bí abẹ tó mú gan-an ṣe ń rí kò ní mọ ìgbà tí tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Nínù lẹ́yìn fífá

Ìtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọṣẹ ṣì wà lẹ́rẹ̀kẹ́. Ẹ má ṣe gbọn ìhó ọṣẹ kúrò lára abẹ nípa gbígbá a mọ́ etí ibi ìfọwọ́, ẹ má sì ṣe fi í sábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ omi níbi tó ti lè gbá irin. Ojú abẹ tó mú dáadáa tín-ín-rín ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà lọ. Bí ó bá gbá nǹkan líle lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti yọ eyín nìyẹn, a ó sì tún gbé e padà sórí òkúta láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ́ aṣọ rírọ̀ kan tó tutù sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kí ẹ máa nu ìhó ọṣẹ sí i, pẹ̀lú ẹ̀yìn abẹ níwájú àti ojú rẹ̀ lẹ́yìn.

Bí ẹ bá fá tán, ẹ kọ orí abẹ sísàlẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ṣàn láti àárín rẹ̀ lọ sí orí. Ẹ má jẹ́ kí omi gòkè dé ìṣó àti inú èkù. Lẹ́yìn èyí, ẹ mú bébà ìnujú tàbí aṣọ òwú gbígbẹ, ẹ ká a bo ẹ̀yìn abẹ, ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ẹ́ fún un mọ́ra díẹ̀, kí ẹ sì fà á láti ẹ̀yìn jáde sí ojú. Ẹ má ṣe nù ún ní gígùn ojú rẹ̀ láéláé, nítorí aṣọ yóò ya, ìka yóò sì tẹ̀ lé aṣọ. Ẹ ṣe èyí ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ máa yí aṣọ náà sí ibi gbígbẹ. Níkẹyìn, ẹ ká bébà pẹlẹbẹ kan, ẹ tì í sínú èkù láti òkè, kí ẹ sì fà á gba ẹ̀gbẹ́ ìṣó jáde. Ẹnu yóò yà yín sí iye omi tó máa bá bébà náà jáde, pàápàá nígbà tí ẹ ti rò pé abẹ náà gbẹ.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi abẹ sílẹ̀ ní ṣíṣí fún wákàtí kan tàbí méjì ní ibi gíga tí ọwọ́ ọmọdé kò lè dé, tí kì í sì í ṣe ilé ìwẹ̀. Mo tẹnu mọ́ ilé ìwẹ̀ nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí abẹ àkọ́kọ́ tí mo ní. Oṣù kẹfà ni, òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́ ní Èkó. Mo fá irùngbọ̀n ní òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ́ọ̀, mo fi táwẹ́lì nu abẹ gbà-á-gbà-á, mo ká a, mo sì fi í sínú àpótí dígí lókè ibi ìfọwọ́. Ọjọ́ Ajé ni mo tó tún ṣí i. Ní ìdí abẹ, níbi tí èkù ti bò ó, mo rí àmì pupa rúsúrúsú bíi mẹ́fà tàbí méje, kékeré bí orí abẹ́rẹ́, méjì nínú wọn sì wà lójú abẹ gan-an. Èyí tó wà lára irin ṣeé nù kúrò. Méjì tó wà lójú náà ti jẹ ihò síbẹ̀, ó sì gba kí wọ́n lọ apá kan irin náà dànù kí ojú tó tún tọ́. Omi tí kò kún ṣíbí ló fà á.

Ibi ìpamọ́ àti òróró

Bí ẹ bá ń lo abẹ lójoojúmọ́, tí ẹ sì ń nù ún bí mo ṣe wí, kò pọn dandan kí ẹ fi òróró pa á. Ṣùgbọ́n bí yóò bá tó ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ tó tún lò ó, tàbí bí ó bá jẹ́ àkókò òjò, ẹ kán òróró máṣíìnì ìránṣọ kan ṣoṣo sórí òwú, kí ẹ fi pa gbogbo ara irin náà fẹ́ẹ́rẹ́, láti ẹ̀yìn lọ sí ojú, kí ẹ sì kán òmíràn sí ìdí ìṣó. Ẹ má lo òróró ìsebẹ̀ tàbí epo pupa. Wọ́n máa ń kan, wọ́n sì ń lẹ̀ mọ́ irin. Ẹ nu òróró náà kúrò kí ẹ tó wọ́ abẹ lórí awọ.

Àpò awọ tí àwọn kan ń ta abẹ pọ̀ mọ́ lẹ́wà, àmọ́ kì í ṣe ibi ìpamọ́. Awọ a máa fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, a sì máa fi pa irin lára. Ẹ lò ó fún ìrìn àjò nìkan. Nínú dúrọ́ọ̀ gbígbẹ ni tèmi máa ń wà, pẹ̀lú àwọn àpò pélébé tó ń fa omi, èyí tí a máa ń bá nínú páálí bàtà tuntun. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Wíwọ́ abẹ lórí awọ

Ibi tí ẹ ó ti fi sùúrù kọ́ṣẹ́ rèé. Awọ kì í lọ irin dànù bí òkúta. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń tún ojú abẹ tò, ó ń mú ibi tó ti tẹ̀ tọ́, ó sì ń dán an. Lọ́dún 2020, àwọn onímọ̀ nípa irin ní MIT, ilé ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ kan ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé irun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irin bíléèdì fi nǹkan bí ìlọ́po 50 le jù ú lọ, lè mú kí ojú bíléèdì kán wẹ́wẹ́, pàápàá níbi tí ojú náà kò bá ti dọ́gba tẹ́lẹ̀. Bíléèdì àlòsọnù ni wọ́n yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí mo rí fà yọ fún abẹ ni pé ojú tó dán, tó sì dọ́gba, ni ọ̀rẹ́ wa. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, onígbàjámọ̀ tó máa ń wá sí agboolé wa kò ní ju abẹ, òkúta kékeré àti ìkòkò omi lọ, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ló sì fi ń ṣe awọ. Yóò na ọwọ́ òsì rẹ̀ gbọọrọ, yóò sì máa wọ́ abẹ lọ, wọ́ ọ bọ̀, láì wò ó. Ẹ má dán ti àtẹ́lẹwọ́ wò.

Awọ tí ẹ ó rà, kó gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 45, kí ìbú rẹ̀ sì tó 6 sí 7.5. Èyí tó dára ní ojú méjì, aṣọ líle bíi kánfáàsì ní ẹ̀gbẹ́ kan, awọ ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ má ra olówó gọbọi lákọ̀ọ́kọ́, nítorí ẹ ó gé e. Mo gé tèmi ní ọjọ́ kẹrin, gígé tó gùn tó ìka, kìkì nítorí pé mo yí abẹ padà kí ó tó dúró. Mo fi sáńdípépà kíkúnná ra etí gígé náà títí tó fi tẹ́, mo sì ń lò ó lọ fún ọdún méjì sí i.

Ẹ fi ọ̀bẹ ìjẹun tí kò mú kọ́ ọwọ́ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ẹ so òkè awọ mọ́ ohun tí kò ní mì, ní gíga ìbàdí, kí ẹ sì fi ọwọ́ òsì fa ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó le gbọnyin. Awọ tó dẹ̀ yóò tẹ̀ kọrọdọ lábẹ́ abẹ, yóò sì gun ojú rẹ̀ títí ojú náà yóò fi di róbótó. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ẹ́ mú ọrùn abẹ, kí ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ ní ìpẹ̀kun awọ tó súnmọ́ yín, ẹ̀yìn àti ojú nílẹ̀, ẹ̀yìn níwájú. Ẹ tì í lọ. Bí ó bá kù díẹ̀ kó dé òkè, ẹ dúró. Ẹ dúró pátápátá, kí ẹ wá fi ìka yí ọrùn rẹ̀ kí abẹ gba orí ẹ̀yìn rẹ̀ yí padà, kí ojú rẹ̀ sì sọ̀ kalẹ̀ sí ìhà kejì. Ẹ wọ́ ọ bọ̀, ẹ̀yìn níwájú síbẹ̀. Bí ojú bá ṣáájú, awọ ti gé nìyẹn. Bí abẹ bá gùn ju ìbú awọ lọ, ẹ máa wọ́ ọ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kí gbogbo ojú láti ìdí dé orí lè kan awọ kó tó dé òpin.

Agbára tí ẹ ó fi tẹ̀ ẹ́ kò ju ìwúwo abẹ náà lọ. Ẹ wọ́ ọ lọ-bọ̀ bí ìgbà 20 sí 30 lórí aṣọ líle, lẹ́yìn náà bí ìgbà 50 sí 60 lórí awọ. Ẹ má sáré. Àwọn tí ẹ ń rí nínú fídíò tí ọwọ́ wọn ń yára bí ẹ̀rọ ti ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìyára wọn kò sì fi ohunkóhun kún mímú abẹ náà. Etí ni kí ẹ fi máa ṣọ́ ọ: ohùn tó dọ́gba, tó tutù, tó ń lọ bí ìgbà tí a ń fi ọwọ́ pa aṣọ àrán, ni ohùn tó dára. Bí ẹ bá gbọ́ tó ń ha, ẹ̀yìn ti gbéra nílẹ̀ tàbí ìdọ̀tí wà lórí awọ.

Kí ẹ tó fá ni kí ẹ wọ́ abẹ, kì í ṣe kété lẹ́yìn tí ẹ fá tán, nígbà tí ọ̀rinrin lè ṣì wà lára rẹ̀. Àwọn onígbàjámọ̀ àtijọ́ ní ilẹ̀ Yúróòpù tilẹ̀ gbà pé ó yẹ kí abẹ sinmi fún wákàtí 24 láàárín fífá kan sí èkejì, èyí ló sì mú kí wọ́n máa ta abẹ méje nínú àpótí kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀sẹ̀. Awọ fúnra rẹ̀ kò fẹ́ oòrùn, kò sì fẹ́ omi. Bí ẹ bá fi àtẹ́lẹwọ́ tó mọ́ ra á kí ẹ tó lò ó, ọ̀rá ara yín ti tó o.

Òkúta ìpọ́nbẹ

Ẹni tó ń fá irùngbọ̀n lójoojúmọ́, tó sì mọ awọ lò, kò ní nílò òkúta ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta. Ẹ ó mọ̀ pé àkókò tó bí abẹ bá ṣì ń fa irun tu lẹ́yìn tí ẹ ti wọ́ ọ dáadáa lórí awọ. Ọ̀nà mìíràn ni kí ẹ mú irun orí kan tó mọ́, kí ẹ dì í mú ní ìpẹ̀kun kan, kí ẹ sì sọ ìyókù rẹ̀ kalẹ̀ sí ojú abẹ. Bí ó bá já fúnra rẹ̀, abẹ mú. Irun kò dọ́gba, nítorí náà orísun irun kan náà ni kí ẹ máa lò, kí ẹ sì ti dán an wò lọ́jọ́ tí abẹ náà ti ọwọ́ ẹni tó pọ́n ọn dé.

Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń mọ bí òkúta ṣe kúnná tó. Òkúta 1000 ló ń dá igun ojú abẹ sílẹ̀, 4000 tàbí 5000 ló tẹ̀ lé e, 8000 ń mú un mú, 12000 sì ń parí iṣẹ́. Ẹ̀yin kò nílò 1000. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tó gbé abẹ tó dára sórí òkúta 1000, lè lọ ọdún mẹ́wàá dànù nínú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kan. Ẹ ra 12000 kan ṣoṣo, tàbí òkúta aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ń wà nílẹ̀ ní àgbègbè Ardennes ní Bẹ́ljíọ̀mù, tí wọ́n ń pè ní coticule, kí ẹ sì fi òkúta kan yìí mọ́wọ́.

Ẹ kọ́kọ́ rí i pé òkúta náà tẹ́. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà síbùú-sóròó sí ojú rẹ̀, kí ẹ sì fi irin pẹlẹbẹ oníyanrìn dáyámọ́ńdì ha á lábẹ́ omi títí gbogbo ìlà yóò fi parẹ́. Ibi tí ìlà bá kù sí ni kòtò wà. Ẹ wọ́n omi sí i. Ẹ tẹ́ abẹ sórí rẹ̀, ẹ̀yìn àti ojú nílẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ojú ni yóò ṣáájú, bí ẹni pé ẹ fẹ́ bẹ́ awẹ́ pẹlẹbẹ kan kúrò lára òkúta náà. Ẹ tì í lọ, ẹ yí i lórí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ fà á bọ̀. Ìgbà 10 sí 20 ti tó, pẹ̀lú ọwọ́ fífúyẹ́. Ẹ wo omi tó wà níwájú ojú abẹ: bí ojú bá kan òkúta ní gbogbo gígùn rẹ̀, omi náà yóò máa gun ara abẹ bí ìgbì kékeré láti ìdí dé orí. Ibi tí omi bá ti ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ojú kò kan ilẹ̀ níbẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, ẹ wọ́ ọ lórí awọ, kí ẹ sì dán an wò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ẹni tí òkúta ń bà lẹ́rù lè lo ìpara aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń fi chromium oxide ṣe, kó fi díẹ̀ pa awọ mìíràn lọ́tọ̀, kó sì wọ́ abẹ lé e ní ìgbà 5 sí 10 bí mímú rẹ̀ bá ti ń dín kù. Ẹ má fi ìpara yìí pa awọ tí ẹ ń lò lójoojúmọ́. Kò ní ṣeé fọ̀ kúrò mọ́.

Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má gbé abẹ fún àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ ìpọ́nbẹ kiri àdúgbò. Iṣẹ́ wọn dára fún ọ̀bẹ ìdáná àti sísọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ìparun abẹ ni òkúta tó ń yí bírí-bírí: ooru rẹ̀ yóò dẹ irin tín-ín-rín náà, irin tó bá sì ti dẹ̀ kò ní lè di ojú mú mọ́, bó ti wù kí a pọ́n ọn tó.

Ìpẹtà àti èkù

Kì í ṣe gbogbo àwọ̀ lára irin ni ìpẹtà. Bí irin oníkábọ́ọ̀nù bá di aláwọ̀ eérú tàbí tí ó ṣú díẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, kò ṣe é ní nǹkan kan. Èyí tó pupa, tó sì rí ṣákaṣàka lábẹ́ ìka, ni kí ẹ dojú kọ. Ẹ fi òróró díẹ̀ rin ín, kí ẹ sì fi òwú àti ọṣẹ ìdánrin ra á láti ẹ̀yìn lọ sí ojú, láì kan ojú gan-an. Bí kò bá gbọ́, ẹ lo sáńdípépà 2000 pẹ̀lú òróró. Ẹ yẹra fún àkọlé oníwúrà tó bá wà lára abẹ, nítorí ọṣẹ ìdánrin a máa mú un lọ.

Èkù oníwo a máa gbẹ lásìkò ọyẹ́, ó sì lè là tàbí kó tẹ̀ títí ojú abẹ yóò fi máa ha á nígbà tí a bá ń ká a. Ẹ fi òróró díẹ̀ pa á ní oṣooṣù. Bí ìṣó bá dẹ̀, tí abẹ sì ń mì, ẹ gbé orí ìṣó kan lé irin líle, kí ẹ sì fi òòlù kékeré kàn án ní orí kejì fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ dán an wò, kí ẹ tó tún kàn án.

Abẹ àti ara

Abẹ ẹnì kan, ara ẹnì kan ni. Kòkòrò àrùn HIV àti ti mẹ́dọ̀wú alámì B lè tipa ẹ̀jẹ̀ tó kù lójú abẹ ran ẹlòmíràn, nítorí náà ẹ má ṣe yá ẹnikẹ́ni ní abẹ yín, ì báà ṣe àbúrò yín. Bí ẹ bá ra àlòkù, ẹ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ kí gbogbo ìdọ̀tí kúrò, kí ẹ sì fi sípírítì inú ilé ìwòsàn nù ún dáadáa kí ẹ tó lò ó. Ẹ má rẹ ẹ́ sínú bílíìṣì, nítorí yóò jẹ irin. Ẹ má sì sè é, nítorí ìwo àti igi inú èkù kò lè gba omi gbígbóná bẹ́ẹ̀.

Irùngbọ̀n wa tó máa ń ká kókó a máa wọ inú ara padà lẹ́yìn fífá, a sì máa di kókó wíwú lọ́rùn àti lágbọ̀n. Abẹ tí a kò tọ́jú a máa dá kún un, nítorí abẹ tó kú a máa mú kí a tẹ ọwọ́ mọ́ ọn, kí a sì fá ojú kan náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ fá sí ibi tí irun kọrí sí, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láì fa awọ ara le jù. Bí ẹ bá rí i pé ẹ̀ẹ̀kan kò tó mọ́, ẹ má ṣe tún un fá. Ẹ gbé abẹ padà sórí awọ.

Bí ẹ bá sì ń bá bàálù rìn, inú ẹrù tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín ni kí abẹ wà, kì í ṣe inú báàgì tí ẹ ó gbé wọlé, nítorí àwọn ẹ̀ṣọ́ pápákọ̀ òfurufú yóò gbà á. Ẹ pa á ní òróró, ẹ fi ọ̀já wé èkù rẹ̀ kó má ṣí, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò nínú àpò awọ rẹ̀ ní gẹ́rẹ́ tí ẹ bá ti débẹ̀.